Ìparí Ìwé Tó Wà Nísàlẹ̀ Ọ̀sà

Tí mo bá ní kí ẹnìkan lọ ka ìwé kan, ohun tí mo fẹ́ ni pé kó kà á. Mi ò fẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ọmọ mi á fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní "Ẹ ṣeun, màmá, a máa kà á," wọ́n á sì lọ gbé e sórí fìríìjì. Mo ti rí ìwé mi mẹ́ta lórí fìríìjì kan ṣoṣo. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn. Inú bí mi débi pé mi ò fẹnu kan ọbẹ̀ náà.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé kà jù ni mi ò wá rí fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ orúkọ ìwé náà. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tó fi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ ti ya lọ, ojú ewé tó yẹ kó sọ orúkọ rẹ̀ náà ti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló ṣẹ́ kù láyé tí èmi àti òun jọ mọ̀ ọ́n, a sì sin òun náà sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè dojú ìbínú náà kọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ló pé sórí mi, orúkọ àwọn ìyá wọn pàápàá. Mi ò ní kọ ọ̀kankan. Àwọn ọmọ wọn wà láyé, àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ràn ẹjọ́.

Sítáńdáàdì tú ni mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú. Ìwé ìṣirò ni mo kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí, kì í ṣe nítorí ìṣirò. Ó máa ń sọ pé ọkùnrin kan ní ewúrẹ́ méjìlá, márùn-ún kú, mélòó ló kù? Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ bí ìtàn. Inú máa ń bí mi pé wọn kì í sọ ohun tó pa ewúrẹ́ márùn-ún. Mo béèrè lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa nà mí ní pàṣán méjì.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé ọ̀gá mi, àwa la máa ń bá a lẹ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kún fún ìwé, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kó ṣòkòtò lọ fún un, mo dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù náà títí ó fi rẹ́rìn-ín.

"Aránṣọ, kí lò ń wò?"

"Ìwé ni, sà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yá mi ní ìwé nìyẹn. Òfin rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Tí o bá dá ìwé padà, kò ní bi ọ́ bóyá ó dùn. Ó máa ní kí o sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á di ojú, á máa gbọ́. Tí o bá parí, á ní, "Ta ni wàá ní kó kà á?" Tí o bá dáhùn pé ẹnikẹ́ni, kò ní ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Á ní, "Ẹnikẹ́ni ò sí ládùúgbò yìí. Dárúkọ èèyàn kan, kí o sì sọ ìdí." Ibẹ̀ ni àìsàn kí n máa yan ìwé fún èèyàn ti ràn mí.

Inú gbàǹjo tí wọ́n fi ẹrù akọ̀wé olóògbé kan ṣe ni Tíṣà ti ra ìwé tí mò ń sọ, inú àpótí kan náà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ìtàn obìnrin amọ̀kòkò kan ni. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè kò sì padà. Ó ru ìkòkò sórí, ó ń tà á láti ìlú dé ìlú bó ṣe ń wá ọkọ rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n ìkòkò kan wà níbẹ̀ tí kò gbà láti tà fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo mú un lọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn rárá, mo ní:

"Sà, mo ti mọ ẹni tó yẹ kó kà á. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni."

"Ó mọ̀wé kà?"

"Rárá sà. Èmi ni màá kà á sí i létí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Ọkọ rẹ̀ ló kú, sà. Ó wà nínú opó. Ìyá mi ní kí n lọ bá a jókòó."

Kò béèrè ìròyìn ìwé náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Kó padà wá bó ṣe lọ." Mo ní yóò padà wá bó ṣe lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ láti Ìkòròdú. Nígbà tí a fi máa kúrò ní Èjìnrìn, tí àwọn ọlọ́jà ti kó apẹ̀rẹ̀ wọn lé apẹ̀rẹ̀ mi tí ìwé wà nínú rẹ̀, omi ti ta sí ìwé náà. Òwú tí wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, ewé mẹ́rin tó kẹ́yìn ti já kúrò lára ìwé.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọdọ̀ jáde. Yàrá kan, ẹní kan, aṣọ kan tí kò ní àwọ̀. Tí a bá ti kírun Àsàrì tán, mo máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo máa ń kà á díẹ̀díẹ̀ kó lè tó wa. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun ń ṣe àdúrà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí n ka ojú ewé kan tán.

"Ìkòkò mélòó ló rù?"

"Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ."

"Irọ́ ni. Ìyá, ẹ gbọ́ irọ́. Mẹ́sàn-án, kó rù ú rìn fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Ìyá Àgbà á dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró. "Ọrùn rẹ̀ á ti wọnú ara. Ẹni tó kọ ọ́ ò ru nǹkan rí. Máa kà á lọ, Ọmọ Ìkòròdú."

Lójoojúmọ́, tí mo bá pa ìwé dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi máa bi mí: "Ṣé ó rí i?" Mo mọ̀ pé ó rí i. Mo mọ bó ṣe rí i. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ń gùn mí, mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìwé fúnra rẹ̀ sọ fún yín." Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni! Ẹnu mi ló fà á, kì í ṣe ẹnu aládùúgbò.

Nígbà tó ku ewé mẹ́rin tó já yẹn nìkan, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù kí opó tán. Mo ti ewé náà bọ abẹ́ ìwé lójú fèrèsé, mo lọ ra ẹja létí omi. Nígbà tí mo dé, ìwé wà níbẹ̀, ewé kò sí. Mo gbọn ẹní, mo gbọn aṣọ. Mo wá lọ bá Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ìwé nílẹ̀?"

"Mo rí i. Atẹ́gùn gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú, ṣé bí ẹ ṣe ń fi ohun tí a kọ sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá nílé yín nìyẹn? Díẹ̀ ló kù kí ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ibo lẹ gbé e sí, mà?"

"Ibi tó yẹ ẹ́."

Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí kí n dúpẹ́. Ó mú mi lọ sí ibi ìṣó tí wọ́n ń gbé àpò kan kọ́ sí lára ògiri. Inú àpò yẹn ni wọ́n ń kó ewé Kùránì tó bá ti gbó sí, torí a kì í sọ ọ́ nù, a kì í sì í fi dáná. Ààfáà àdúgbò á wá gbà á nígbà tó bá kún, á so òkúta mọ́ ọn, á fi ọkọ̀ gbé e lọ sójú ibú, á rì í pẹ̀lú àdúrà. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà kan àti èkejì. Ohun tó mọ̀ ni pé orúkọ Ọlọ́run lè wà nínú ohunkóhun tí a kọ, kò sì sí ẹni tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ilé òun. Ó ti ṣa ewé mẹ́rin náà, ó ti fi kan iwájú orí rẹ̀, ó ti kó o sínú àpò.

Ìṣó nìkan ló wà lára ògiri.

Mo sáré dé etí omi pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Ààfáà ti dé, ó ń fọ ẹsẹ̀.

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, àpò ilé wa dà?"

"Ó ti wà níbi tó ń lọ."

"Ìwé ìtàn wà nínú rẹ̀! Ìtàn obìnrin amọ̀kòkò ni, kì í ṣe Kùránì!"

Ó wò mí, kò bínú. "Ṣé orúkọ Ọlọ́run ò sí nínú rẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tí amọ̀kòkò náà sọ gbẹ̀yìn nínú ìwé ni "Ọlọ́run ṣeun."

"Ó wà, sà."

"Ó tán nìyẹn. A ò ṣìṣe."

Mo padà sílé, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó máa gbọ́, èmi máa sọ ìparí rẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́. Ẹnu lo fẹ́ fi sọ ọ́."

"Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta!"

"Ẹnu ni wọ́n fi sọ fún mi pé ara ọkọ mi ti ń yá, kí n máa lọ ọjà mi. Ìwé ni mo fẹ́. Ìwé kì í wo ojú èèyàn kó tó sọ̀rọ̀."

Ó yí ojú sí ògiri. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ló ń dákẹ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ pé òun ti ri ọkọ ọlọ́kọ inú ìwé sómi. Lọ́jọ́ kẹrin ló wọlé wá, ó jókòó sáàárín wa.

"Ìyàwó mi, àwọn ààfáà tó há Kùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé ẹnìkan máa ń sọ fún wọn pé ẹnu lásán ni? Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọ ọmọ kéú lórí ni pé kó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìwo wàláà tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá yí, ìwé ni. Ọmọ Ìkòròdú, dìde, lọ fọ ọwọ́ ẹ."

Mo fọ ọwọ́. Mo ká ẹsẹ̀ jókòó bí ọmọ kéú. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú padà kúrò lára ògiri fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo kà á. Amọ̀kòkò náà dé ìlú tí ojú irin parí sí. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́bàá ògiri, tó ń rán bàtà, tí ọmọ tí obìnrin mìíràn bí fún un jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, kò dá a mọ̀, ó ní, "Èló ni ìkòkò?" Obìnrin náà ní kì í ṣe títà. Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ọlọ́run ṣeun, ó yí padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà, ọ̀rọ̀ kan ò yí. Ìyá Àgbà ń mi orí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dé ẹnu ọ̀nà náà, ẹnu mi sì sọ pé: "Ó rọra gbé ìkòkò náà kalẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà dànù."

"Omi ibo?" Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó dáadáa. "Kò sómi nínú méjì àkọ́kọ́."

Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo di ojú, mo gbìyànjú láti rí ojú ewé náà, mo rí ìlà tó kẹ́yìn, mo rí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Mi ò rí omi, mi ò sì lè búra pé kò sí. Mo tún un kà títí ohùn mi fi há. Nígbà mìíràn omi á wà, nígbà mìíràn kò ní sí.

"Kí ni omi wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi? Ó ṣáà rí i!"

"Tó bá jẹ́ òfìfo ló gbé kalẹ̀ fún un, èébú ni. Tí omi bá wà níbẹ̀, ó fún un ní omi mu ni. Ọkọ mi béèrè omi lọ́jọ́ tó kú. Èmi ló ń pè. Ọjà Èjìnrìn ni mo wà."

Ìyá Àgbà ló wà nílé lọ́jọ́ náà, òun ló fún ọmọ rẹ̀ lómi. Nígbà tó yá, ó ní kí n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé.

Mo lọ. Ní gbogbo ojú omi ni mò ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún Tíṣà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kó ìyókù ìwé náà fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀, ewé, àpò, òkúta, ibú. Ó dìde, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí kọ́kọ́rọ́.

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

"Kó padà wá bó ṣe lọ, sà. Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ti kà á. Ẹ sọ ẹyọ kan fún mi kí n tó lọ. Ìkòkò ìparí yẹn, ṣé omi wà nínú rẹ̀ àbí kò sí?"

Ó dúró, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. "Mi ò kà á débẹ̀."

"Láti ìgbà tí ẹ ti rà á?"

"Ojú mi ò gbé lẹ́tà mọ́, Aránṣọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta." Ó wá rọ ohùn. "O ò sì tíì rò ó fún mi. Ṣé ó rí ọkọ rẹ̀?"

Ibí yìí ni mo ti ń bínú sí ara mi jù. Ó yẹ kí n jókòó. Ó yẹ kí n mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó ń ní kí a rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ló ń kà lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ebi ń pa mí, gbogbo ayé ló ní ìwé tí kò sí ẹni tó kà á tán. Mo ní, "Ẹ lọ bi ọ̀sà," mo sì jáde. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà. Kò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún mi mọ́ láé, kò sì jẹ́ kí n bẹ òun. Ó kú kí òmìnira tó dé, kò mọ̀ bóyá ó rí i.

Nígbà tí mo padà dé Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ kan ló kù kí opó tán. Mo sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò sí ẹni tó mọ̀. Kò sunkún, kò yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ mìíràn fún un, wọ́n ní kó jáde. Kò kọ́kọ́ lọ kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ìkòkò kan, ó pọn omi kún un, ó rọra gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀, ó fi ife sórí rẹ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ mu níbẹ̀.

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìkòkò fi wà níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá fọ́, á ra òmíràn. Àwọn èèyàn rò pé sáárà ni. Tí mo bá lọ kí i, á ní kí n ka ìwé tuntun tí mo mú wá fún òun, á sì bá ẹni tó kọ ọ́ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí a bá parí, á ní, "Kò tó ti amọ̀kòkò." A ò tún sọ̀rọ̀ omi mọ́. Mo ti wá ìwé náà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé. Àwọn ọmọ ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ kí àwọn fi fóònù wá a. Orúkọ wo?

Lọ́jọ́ kẹjọ òkú ẹ̀gbọ́n mi, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé ìkòkò náà kúrò kí wọ́n lè ráyè to àga. Wọ́n ti da omi inú rẹ̀ nù. Mo pariwo débi pé ààfáà tó ń ṣe wàásù dákẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e padà, kí wọ́n pọn omi sí i kí n tó jókòó.

Àkọ́bí rẹ̀ gbé e padà. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí ọjọ́ orí ti ń dà láàmú.

"Màmá, ẹ má bínú. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí gan-an?"

"Ẹ lọ kà á nínú ìwé."

"Ìwé wo, màmá?"